Fíìmù ẹlẹ́rù 2025: bí mo ṣe tò wọ́n rè é, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà kó bọ́ síta

Gúgúrú_Aláta

Ẹ̀yin ará ilé, ọdún ti fẹ́ parí, gbèsè tí mo jẹ yín ni mo wá san: àwọn fíìmù ẹlẹ́rù tí mo wò lọ́dún 2025, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀rù ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Mi ò wo ẹwà àwòrán, mi ò wo iye owó tó pa, mi ò wo ẹni tó máa gba àmì ẹ̀yẹ. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí lóru tí mi ò lè dìde lọ tọ̀, fíìmù yẹn yege. Bí mo bá sùn tí mo ń han-an-run, ó lè dára o, àmọ́ kò dẹ́rù bà mí. Mo máa tú àṣírí ìtàn, pàápàá ti Weapons, Sinners àti Bring Her Back. Ẹni tí kò bá tíì wò wọ́n, kó yáa gba ibòmíràn lọ.

10. The Conjuring: Last Rites. Owó tó pa sún mọ́ ìdajì bílíọ̀nù dọ́là. Kò sí Conjuring kankan tó pa tó bẹ́ẹ̀ rí. Aago ni èmi ń wò ní tèmi.

9. HIM. Orúkọ Jordan Peele, gbajúgbajà olùdarí fíìmù ẹlẹ́rù, tó wà lára àwọn tó gbé e jáde ló fà mí wọlé. Àwòrán ń dán gbinrin, ìtàn ò sí.

8. Together. Dave Franco àti Alison Brie, tí wọ́n jẹ́ tọkọtaya lóòótọ́, ṣe olólùfẹ́ méjì tí ẹran ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra tí kò ṣe é já. Ẹ̀rín ló pa mí.

7. The Monkey. Theo James ṣe ìbejì. Ẹ fi ìbejì yẹn sọ́kàn, àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀.

6. Final Destination Bloodlines. Ọdún 14 lẹ́yìn apá karùn-ún ni wọ́n tó gbé e dé. Ibi tí ẹ̀rọ MRI, èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara nílé ìwòsàn, ti ń fa gbogbo irin inú yàrá mọ́ra, mo ń pariwo, mo ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí mi ò ti lè rẹ́rìn-ín ni ibi tí Tony Todd, òṣèré tó ti wà nínú àwọn apá ìṣáájú, ti jáde. Ó kú ní Oṣù Kọkànlá 2024, àìsàn ti fa gbogbo ara rẹ̀ ro nígbà tí wọ́n ya ibẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ yẹn máa gbádùn ìwọ̀nba tó kù fún wọn, ó dìde, ó lọ. Ó dágbére fún wa tààrà ni.

5. Good Boy. Ajá kan tó ń jẹ́ Indy ni olú òṣèré. Olùdarí fíìmù náà, Ben Leonberg, ló ni ajá náà nílé, nǹkan bí ọdún mẹ́ta ló sì fi ya fíìmù tí kò pé wákàtí kan ààbọ̀. Ohun kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ajá ń wò ó, olówó rẹ̀ ò rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ti sin ajá rí mọ ìgbà tí ajá máa tẹjú mọ́ ògiri lásán tí yóò máa kùn. Ìdí tó fi wà ní ipò karùn-ún nìyẹn.

4. 28 Years Later. Danny Boyle fi iPhone ya púpọ̀ nínú rẹ̀. Erékùṣù kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀, omi òkun á sì bo ọ̀nà náà bó bá ti kún. Bàbá mú ọmọ ọdún 12 sọdá kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa àwọn tí àrùn ti sọ di ẹranko. Bí wọ́n ṣe ń sáré padà tí omi ń kún bọ̀, ọwọ́ mi wà lórí. Ìdajì kejì di ẹkún ìyá àti ọmọ. Ó dára, àmọ́ òfin ni òfin.

3. Sinners. Mo mọ̀ pé ibí ni ẹ ti máa gbé mi ṣubú. Ryan Coogler ló darí rẹ̀. Michael B. Jordan ló ṣe Smoke àti Stack (ìbejì tí mo wí). Clarksdale ní Mississippi, ọdún 1932. Ilé ijó tí wọ́n ṣí lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn vampire (òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn) dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lè wọlé àfi tí ará ilé bá pè wọ́n. Bí ẹ bá bi mí pé fíìmù wo ló dára jù lọ́dún yìí, òun ni. Ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

2. Bring Her Back. Àwọn ọmọ ìyá méjì, Danny àti Michael Philippou, ará Ọsirélíà, ló darí rẹ̀. Bàbá Andy àti Piper kú, wọ́n fà wọ́n lé obìnrin kan tó ń jẹ́ Laura lọ́wọ́. Piper ò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Ọmọ tí Laura bí, tí òun náà ò ríran, ti kú sómi, ìyá rẹ̀ sì ti pinnu pé òkú yẹn máa padà wá, bó ti wù kó gbà. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ kékeré yẹn, Oliver, ti ki ọ̀bẹ bọ ẹnu tó ń rún un. Èmi náà bojú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni pé Laura máa ń yọ́ wọ yàrá Andy lóru, á da ìtọ̀ ara rẹ̀ sí i lára lórí ibùsùn, kí ọmọ ọdún 17 lè jí láàárọ̀ kó rò pé òun ló tọ̀ sílé. Bó bá di àárọ̀, á tún máa pẹ̀tù sí i lọ́kàn, á ní kò séwu. Sally Hawkins ló ṣe obìnrin yìí, ojú rẹ̀ tutù bí ojú ìyá ìjọ.

1. Weapons. Zach Cregger ló darí rẹ̀. Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú 17, ọmọ 17 nínú kíláàsì kan ṣoṣo ṣílẹ̀kùn ilé wọn, wọ́n na apá sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sáré wọ òkùnkùn. Ọmọ kan ló kù ní kíláàsì, Alex. Ẹ ò ní rí ẹni tó wà nídìí ẹ̀ títí ìtàn á fi lọ jìnnà, nígbà tẹ́ ẹ bá sì máa rí i, àǹtí àgbà tó wá kí wọn nílé ni, Gladys, ó kun àtíkè, ó dé irun àtọwọ́dá. Ó gé igi ẹlẹ́gùn-ún, ó fi irun orí ènìyàn wé e, ó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pa á, ó mi agogo kékeré, ó dá igi náà sí méjì. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́ á máa sáré lọ pa ẹni tó ní irun náà. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún mi. Ìyá bàbá mi kì í fi irun sílẹ̀ lọ́dọ̀ onídìrí.

Ó tán. Ẹ máa bọ̀.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Ipò kẹta. Sinners. Ipò KẸTA. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọkùnrin yìí.

Blúùsì_ní_Houston

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n òfin yín ló wọ́, kì í ṣe Sinners. Ẹ ní ẹ̀rù, ẹ wá ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ìtọ̀ òru. Oríṣi ẹ̀rù kan ṣoṣo ha ló wà?

Ẹ wo Remmick, vampire ará Áílàǹdì yẹn. Kò wá bú ẹnikẹ́ni. Ó wá pẹ̀lú orin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wá dara pọ̀ mọ́ wa, lọ́dọ̀ wa kò sí dúdú kò sí funfun, gbogbo wa ọ̀kan. Ní Mississippi 1932! Níbi tí òyìnbó tó ta ilé fún Smoke àti Stack ti ní i lọ́kàn láti kó àwọn ẹgbẹ́ Klan rẹ̀ (àwọn òyìnbó tó ń pa aláwọ̀ dúdú) wá pa wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Níta, ẹni tó máa mu ẹ̀jẹ̀ rẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó máa so ọ́ kọ́ igi. Èwo lo fẹ́? Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé fún bí ìṣẹ́jú kan, ohun tí Remmick ń sọ mọ́gbọ́n dání létí mi. Mo dúdú, Houston ni mò ń gbé, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo wò ó nínú sinimá IMAX, fíìmù tó tóbi bí ògiri ilé ìjọsìn. Autumn Durald Arkapaw tó ya àwòrán náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tó lo kámẹ́rà fíìmù IMAX láti ya eré gígùn. Nígbà tí Sammie, ọ̀dọ́mọkùnrin olórin inú fíìmù náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá, tí àwọn baba ńlá jáde wá pẹ̀lú ìlù, tí àwọn tí wọn ò tíì bí jáde pẹ̀lú gìtá oníná àti ẹ̀rọ DJ, tí gbogbo wọn ń jó pọ̀ nínú ilé kan, tí òrùlé ń jó, mo rí bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ṣí fìlà. Ẹ ní ẹ sùn. Ó dáa.

Tíṣà_Abẹ́òkúta

Mo wà lẹ́yìn Gúgúrú o. Pírámárì kẹta ni mò ń kọ́. Ẹ má bi mí nípa Gladys. Ibi tí Justine, tíṣà yẹn, ti wọ kíláàsì láàárọ̀, tí gbogbo àga ṣófo àfi ẹyọ kan, ibẹ̀ ni inú mi ti dàrú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìpàdé àwọn òbí, tí wọ́n ń jágbe mọ́ ọn pé kí ló ṣe fáwọn ọmọ àwọn, kí ló dé tó fi jẹ́ kíláàsì tìẹ nìkan. Kò ní ìdáhùn. Mo mọ bí ojú òbí ṣe máa ń rí bí ọmọ bá fi orúnkún bó lásán, áḿbọ̀sìbọ́sí ọmọ 17.

Tún wo ibi tó ti sùn nínú mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé Alex. Ilẹ̀kùn ilé ṣí. Ìyá ọmọ náà jáde, ó ń rìn bí ẹni tí kò sí nínú ara rẹ̀, ó wọ inú mọ́tò, ó jókòó lẹ́yìn, ó na sísọ́ọ̀sì, ó gé irun Justine díẹ̀, ó jáde. Justine ò tilẹ̀ yíra padà. Gbogbo sinimá ní "Jésù!" lẹ́ẹ̀kan náà. Mùsùlùmí tó jókòó tì mí náà ní "Jésù".

Akọ̀wé_Sinimá

Frankenstein ti Guillermo del Toro dà? Ó ti wà lórí Netflix láti Oṣù Kọkànlá.

Gúgúrú_Aláta

@Akọ̀wé, ẹkún ni yẹn. Jacob Elordi ṣe é débi tó jẹ́ pé àánú òkú tí wọ́n rán pọ̀ yẹn ló ń ṣe mí. Ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe mí kò lè dẹ́rù bà mí.

@Blúùsì, àbúrò mi, o sọ̀rọ̀ gidi nípa Remmick, mi ò sì ní jiyàn pé kò dùn létí. Ṣùgbọ́n ohun tó o júwe yẹn, ìbànújẹ́ àti ìbínú ni. Klan tó ń bọ̀ láàárọ̀ kì í bà mí lẹ́rù nínú fíìmù, ó ń bí mi nínú. Nígbà tí Smoke kó ìbọn jáde sí wọn, mo dìde, mo ń pàtẹ́wọ́! Ta ló ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á?

Màámi_Ìbejì

Ìwọ ọmọ yìí, o to nǹkan dáadáa ṣùgbọ́n o kò bímọ, ó hàn.

Èmi kì í wo fíìmù ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ mi ló ní kí n wá wo Sinners torí ọmọ wa Wunmi Mosaku wà nínú ẹ̀, wọ́n bí i ní Zaria, ó dàgbà ní Manchester. Ó ṣe Annie, obìnrin tó mọ egbòogi, tó mọ nǹkan àwọn àgbà. Mo jókòó, mo ní kí n kàn wo ojú rẹ̀ kí n lọ.

Smoke dé sílé Annie lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ọmọ tí àwọn méjèèjì bí ti kú, sàréè rẹ̀ wà lẹ́bàá ilé níbẹ̀. Ọkùnrin yìí bi í pé bí egbòogi rẹ bá ń jẹ́, èé ṣe tí kò jẹ́ fún ọmọ wa? Obìnrin yẹn ò bínú, kò pariwo. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n òun ń ṣe é fún ọ lójoojúmọ́ tó o wà ní ìrìn àjò, o sì padà wá láàyè. Ìbejì ni mo bí, ọ̀kan ló kù lọ́wọ́ mi. Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ọkọ mi.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí àwọn aláìkú yẹn dé, Annie lẹni àkọ́kọ́ tó mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ó mú kí Smoke ṣèlérí pé bí wọ́n bá gé òun jẹ, kó pa òun kí òun tó yí padà, torí bí òun bá yí padà òun ò ní rí ọmọ òun mọ́ níbi tó wà. Kí ìyá máa wà láàyè títí ayé kó má lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. O ní o sùn. Èmi ò sùn.

Blúùsì_ní_Houston

Ẹ ṣé o, Màámi. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Ọmọ_Òkè_Àdó

@Gúgúrú, dáhùn. A ń dúró.

Bàbá_Fídíò

Bó ṣe ń ro ẹjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ tèmi bọ̀ ọ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo Final Destination, pé ikú ní ìwé tó ń mú wọn tẹ̀ lé ara wọn, ẹ kò wo Ti Olúwa Nilẹ̀ ni? Tunde Kelani, 1993. Ọkùnrin mẹ́ta ta ilẹ̀ àwọn òrìṣà. Ọ̀kan kú, ìkejì kú, Olóyè Ọ̀tún ló kù, Baba Wándé ló ṣe é, ó ń sá kiri, ó ń bẹ babaláwo. Final Destination àkọ́kọ́ ò jáde títí di ọdún 2000. Mo ya káséẹ̀tì náà fún gbogbo àdúgbò nígbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń dá a padà pé kí n fún àwọn ní apá kejì kíá, àwọn ò lè sùn.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ikú ti òyìnbó kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ó kàn ń ṣírò gbèsè rẹ̀ ni. Tiwa mọ ohun tó o ṣe. Èyí tó mọ ohun tí mo ṣe ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Akọ̀wé_Sinimá

Bàbá, ẹ ti sọ ọ́. Kí ló dé tí kò sí ẹyọ fíìmù Nàìjíríà kan nínú mẹ́wàá yìí? The Weekend tí Daniel Oriahi darí, tó dé àjọ̀dún fíìmù Tribeca ní New York, ìyàwó tó fẹ́ mọ ìdílé ọkọ rẹ̀ dandan. Ìyẹn dẹ́rù bani ju HIM lọ fíìfíì.

Gúgúrú_Aláta

2024 ni The Weekend, arákùnrin. Ká ní ọdún yìí ni, HIM á ti já bọ́ kí n tó kọ orúkọ rẹ̀ tán. Ìdílé ọkọ tó ń dáná oúnjẹ tó pọ̀ jù fún ìyàwó àfẹ́sọ́nà, ta ni kò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀?

Ajá_Digbólugi

Ẹ má bínú, mo fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Weapons ni nọ́ńbà kìíní? Èyí tí gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín sí ní ìparí? Ọmọ 17 fi orí fọ́ fèrèsé kiri àdúgbò, wọ́n ń lé ìyá arúgbó, irun àtọwọ́dá ti bọ́, ó ń pariwo, wọ́n gba inú ilé àwọn èèyàn kọjá, bàbá kan ń gé koríko ó dúró ó ń wò wọ́n. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òfin rẹ ni pé ẹ̀rín ló gbé Together sí ipò kẹjọ. Kí ló dé tí òfin ò mú Gladys?

Tíṣà_Abẹ́òkúta

Ẹ̀rín yẹn tí mo rín, ẹ̀rín ìtura ni. Wọ́n ti dì mí lọ́rùn fún wákàtí méjì.

Gúgúrú_Aláta

@Ajá, ìbéèrè rere. Ìdí rè é, mo sì fi dá Màámi lóhùn pọ̀.

Ẹni tó bẹ̀rù Weapons nítorí Gladys kò tíì wò ó dáadáa. Ẹ wo Alex. Ọmọ kékeré. Gladys ti fi èèdì di bàbá àti ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ilé, wọ́n jókòó sórí àga bí ère. Kí ọmọ náà lè mọ̀ pé òun ò ṣeré, ó mú kí àwọn òbí yẹn máa fi fọ́ọ̀kì gún ojú ara wọn níwájú rẹ̀. Ó wá ní kí ọmọ lọ kó nǹkan àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì wá. Ọmọ náà lọ, ó kó orúkọ wọn tí wọ́n kọ mọ́ àpótí wọn, ó gbé e wálé. Lẹ́yìn náà, ojoojúmọ́, yóò ti ilé ìwé dé, yóò ra ọbẹ̀ inú agolo, yóò fi ṣíbí bọ́ bàbá rẹ̀, bọ́ ìyá rẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ lọ bọ́ ọmọ 17 tó dúró nínú òkùnkùn lábẹ́ ilé. Ó ń lọ ilé ìwé, ó ń jókòó nínú kíláàsì tó ṣófo yẹn, tíṣà ń bi í ní ìbéèrè, ọlọ́pàá ń bi í, kò sì lè sọ.

Ẹ̀rín ìparí yẹn ò pa èyí rẹ́. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà sọ kẹ́yìn: àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ padà lọ́dún yìí. Àwọn kan. Àwọn òbí Alex ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń fi ọbẹ̀ bọ́ wọn.

Màámi, ẹ̀rù tí ẹ sọ nípa Annie, irú rẹ̀ náà nìyí, ìyá, ọmọ, ohun tó wà láàárín wọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Laura inú Bring Her Back, òun náà ni, ó kàn jẹ́ pé tirẹ̀ ti bàjẹ́. Annie gbà kí òun kú kó lè bá ọmọ rẹ̀, Laura fẹ́ pa ọmọ ẹlòmíràn kí tirẹ̀ lè padà. Mo gbà pé nínú àwọn méjì yìí, ti Annie ló wúwo jù. Sinners gòkè sí ipò kejì. Bring Her Back sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀kẹta. Mi ò ní lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà bí Blúùsì bá ra tíkẹ́ẹ̀tì IMAX fún mi.

Màámi_Ìbejì

O gbọ́n díẹ̀. Lọ fẹ́yàwó.

Ọmọ_Òkè_Àdó

😂😂😂

Blúùsì_ní_Houston

Ipò kejì. Mo gbà á báyìí ná. Mo ń to tèmi bọ̀ lọ́la, The Ugly Stepsister máa wà nínú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ múra sílẹ̀. Olùdarí ará Norway, Emilie Blichfeldt, ló mú ìtàn Cinderella, ó wá fún ọmọ ìyàwó yẹn ní ẹyin aràn jẹ kó lè pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ lọ wo ibi tí aràn náà ti jáde, ẹ padà wá sọ fún mi pé ẹ lè jẹ sípàgẹ́tì.

Ajá_Digbólugi

Mo ń jẹ Indomie lọ́wọ́ ni mo ń ka èyí. Ọlọ́run á dá ọ lẹ́jọ́.

Akọ̀wé_Sinimá

Kí a tó túká: 28 Years Later: The Bone Temple ń jáde ní 16 Oṣù Kìíní 2026. Nia DaCosta ló darí èyí, kì í ṣe Boyle. Ta ló ń bọ̀ ní Ìbàdàn? Mo fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì pa pọ̀.

Tíṣà_Abẹ́òkúta

Mò ń bọ̀ bó bá bọ́ sí Sátidé. Mi ò jókòó ti ẹni tó máa ń sọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ara yín.

Gúgúrú_Aláta

Èmi ni ó ń bá wí. Mo máa jókòó lẹ́yìn. Gúgúrú wà lọ́wọ́ mi, aláta, ẹni tó bá fẹ́ kó sọ.